Ìmọ̀ràn fún ẹni tí ó fẹ́ lọ kàwé ní yunifásítì ilẹ̀ Ṣáínà

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:

Mo kí gbogbo ilé, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Mo gboyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó jẹ mọ́ kíkọ́ afárá àti ojú ọ̀nà ní LAUTECH, mo sì ti parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021, tí ọkọ̀ ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Ìbàdàn lórí ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ Ṣáínà kọ́, ni ọkàn mi ti ń fà sí ilẹ̀ náà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ti gba oyè másítà. Ajẹ́ńtì kan sọ fún mi pé òun yóò bá mi gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Ṣáínà tí mo bá lè san ìdajì owó òun sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ dárúkọ yunifásítì kankan fún mi. Àbúrò mi obìnrin, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC tán, ń fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, ṣé a gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè wọn kí a tó lọ, kí sì ni ohun tí ó máa ń fa ìdíwọ́ fún ọmọ Yorùbá tí ó bá dé ọ̀hún?

Ẹ̀gbọ́n Wuhan:

Àbúrò mi, má ṣe fún ajẹ́ńtì yẹn ní kọ́bọ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Ṣáínà, tí àjọ China Scholarship Council ń bójú tó, tí gbogbo wa sì ń pè ní CSC, kì í ṣe ọjà tí ẹnikẹ́ni lè bá ọ rà. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ó ń gbà jáde. Èyí àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní Type A, ń gba ọwọ́ ìjọba orílẹ̀-èdè ẹni tàbí ilé-iṣẹ́ aṣojú Ṣáínà. Èyí kejì, Type B, ń gba ọwọ́ yunifásítì fúnra rẹ̀: yunifásítì ni yóò yan akẹ́kọ̀ọ́, tí yóò sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí CSC fún àṣẹ ìkẹyìn. Tẹ́lẹ̀ rí, Federal Scholarship Board ní Àbújá ni ó ń fa àwọn ọmọ Nàìjíríà kalẹ̀ lábẹ́ àdéhùn ètò ẹ̀kọ́ láàárín orílẹ̀-èdè méjì, tí wọ́n ń pè ní BEA, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọdún 2025 pé àwọn ti fòpin sí ètò náà, nítorí náà ọ̀nà yunifásítì ni kí o gbájú mọ́. Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń gba ìwé ìforúkọsílẹ̀, ẹ̀kọ́ a sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe másítà kò gbọdọ̀ ju ọmọ ọdún 35 lọ, ẹni tí ó fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé kò sì gbọdọ̀ ju 40 lọ.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó pé pérépéré ń san owó ilé-ìwé, ó ń san owó ilé gbígbé àti adójútòfò ìlera, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní owó oṣooṣù: yuan 2,500 fún oyè àkọ́kọ́, 3,000 fún másítà, 3,500 fún ọ̀mọ̀wé. Owó ọkọ̀ òfurufú wà lọ́rùn rẹ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Yuan 3,000 tó ẹni tí ó bá ń jẹun ní ilé oúnjẹ yunifásítì, ṣùgbọ́n kò tó ẹni tí ó fẹ́ máa fi owó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, kí o sì tètè sọ èyí fún àwọn ará ilé kí o tó wọ ọkọ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà ṣá o: ìjọba ìlú Beijing àti ti Shanghai ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tiwọn, ìpínlẹ̀ Jiangsu ní èyí tí wọ́n ń pè ní Jasmine, àwọn yunifásítì náà sì ní tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun tí àwọn ajẹ́ńtì kì í sọ ni pé ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò jẹ́ alámòójútó rẹ ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ní ilẹ̀ yìí, ọ̀jọ̀gbọ́n ni ó ń darí ohun gbogbo nípa akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: iṣẹ́ ìwádìí rẹ, ọjọ́ tí o lè rìnrìn àjò, ìgbà tí o lè gbèjà ìwé àpilẹ̀kọ rẹ, nígbà mìíràn àfikún owó díẹ̀ láti inú owó ìwádìí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó wá yunifásítì olórúkọ ńlá láìmọ ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò bá ṣiṣẹ́ ti fi orí iṣẹ́ sílẹ̀, ó gbá ìrù mú. Láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kejìlá ni kí o máa kọ ímeèlì sí wọn. Ka iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti tẹ̀ jáde, kí o sì sọ ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ibi tí ìmọ̀ tìrẹ ti bá ti ẹ̀ mu. Orúkọ ìdílé ni ó máa ń ṣáájú nínú orúkọ wọn, nítorí náà ẹni tí ó ń jẹ́ Wang Lei, Professor Wang ni kí o kọ. Má ṣe fi ímeèlì kan náà ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn ní ẹ̀ka kan náà, nítorí wọ́n máa ń jọ jẹun ọ̀sán, wọ́n á sì fi han ara wọn. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá fọwọ́ sí lẹ́tà pé òun gbà ọ́, kò tíì túmọ̀ sí pé o ti rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n ìwé rẹ yóò kúrò láàárín òkìtì ìwé tí kò ní olùgbèjà.

Fún iṣẹ́ tìrẹ, wo Tongji ní Shanghai àti Southeast ní Nanjing fún afárá, wo Southwest Jiaotong ní Chengdu tí ó bá jẹ́ pé ti ojú irin ni ọkàn rẹ ń fẹ́, kí o sì wo Hohai ní Nanjing fún ohun gbogbo tí ó jẹ mọ́ omi. Bí wọ́n bá dárúkọ yunifásítì tí o kò gbọ́ rí fún ọ, yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó wà nínú àwọn 147 tí ìjọba Ṣáínà kà sí Double First-Class, ìyẹn àwọn tí ó yàn láti gbé ga, ní ọdún 2022. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí kò dára dandan, ṣùgbọ́n kí o béèrè ìbéèrè púpọ̀ sí i.

Ìyá Ìbejì Ìkẹjà:

Ọmọ mi, Ẹ̀gbọ́n Wuhan ti sọ ti ọ̀jọ̀gbọ́n, jẹ́ kí n sọ ti ìwé, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìwé ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ọmọ tèmi dúró kí ó tó lọ sí Nanjing. Lọ béèrè fún transcript rẹ báyìí, má ṣe dúró de ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá dá ọ lóhùn láti Ṣáínà, nítorí yunifásítì tí ọmọ mi ti jáde níhìn-ín kò tètè fi tirẹ̀ sílẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà ni ìwé ẹ̀rí oyè, lẹ́tà méjì láti ọwọ́ àwọn olùkọ́ àgbà, ètò ẹ̀kọ́ tàbí ti ìwádìí tí o fẹ́ ṣe, ìwé àwọn ọlọ́pàá pé o kò dáràn rí, èyí tí àwa ará Èkó máa ń lọ gbà ní Alágbọn ní Ìkòyí, àti fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ara fún àjòjì.

Fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ara yìí ni kí o fara balẹ̀ sí. Wọ́n fẹ́ rí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, fọ́tò inú àyà àti àyẹ̀wò ọkàn, dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn sì gbọ́dọ̀ kan fọ́tò rẹ ní etí. Fọ́ọ̀mù tí àlàfo kan bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ tàbí tí kò ní òǹtẹ̀ lórí fọ́tò, wọn kò ní gbà á. Oṣù 6 péré ni èsì náà fi ń ṣiṣẹ́, nítorí náà má ṣe é ní kùtùkùtù jù.

Ẹ tún gbọ́ ohun kan tí ó ń da àwọn ènìyàn lójú rú. Ṣáínà wọ inú àdéhùn Apostille, èyí tí ó jẹ́ kí òǹtẹ̀ kan ṣoṣo láti orílẹ̀-èdè ẹni tó fún ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 2023. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé kò sí ìdí láti gbé ìwé lọ sí ilé-iṣẹ́ aṣojú mọ́. Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn náà. Bí yunifásítì bá ní kí o wá fi ẹ̀rí hàn pé ìwé rẹ jẹ́ ojúlówó, ọ̀nà àtijọ́ náà ni: iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kí o tó wá gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Ṣé kí n ti ṣe gbogbo òǹtẹ̀ wọ̀nyí kí wọ́n tó gbà mí wọlé ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?

Ìyá Ìbejì Ìkẹjà:

Lẹ́yìn rẹ̀ ni, àyàfi tí yunifásítì bá sọ ọ́ kedere pé kí o ṣe é ṣáájú. Ẹ̀dà tí o bá fi ẹ̀rọ yà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà fún ìforúkọsílẹ̀. Bí wọ́n bá gbà ọ́, wọn yóò fi ìwé ìgbaniwọlé ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù JW201 fún ẹni tí ó ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba, tàbí JW202 fún ẹni tí yóò san owó fúnra rẹ̀. Ìwé ìgbaniwọlé náà àti fọ́ọ̀mù tìrẹ ni o máa fi béèrè físà X1, èyí tí ó wà fún ẹ̀kọ́ tí ó ju ọjọ́ 180 lọ. X2 ni ti ẹ̀kọ́ kúkúrú. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ọ ní ìyẹn fún másítà, má sì ṣe jẹ́ kí ajẹ́ńtì fi físà ìbẹ̀wò gbé ọ lọ pẹ̀lú ìlérí pé wọn yóò yí i padà ní ọ̀hún. Owó ìforúkọsílẹ̀ tí yunifásítì máa ń gbà kì í sábà ju láti yuan 400 sí 800 lọ, inú àkáǹtì yunifásítì ni ó sì ń wọ̀. Bí orúkọ ènìyàn bá wà lórí àkáǹtì tí wọ́n ní kí o san án sí, sá.

Dókítà Abẹ́òkúta:

Mo kí i yín. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti àbúrò yín, nítorí pé Ṣáínà ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ilé ìwòsàn ìjọba ni mo sì wà báyìí. Ọdún 6 ni ẹ̀kọ́ náà, ọdún kan nínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ìdánrawò ní ilé ìwòsàn. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Ṣáínà ní àkójọ yunifásítì 45 tí ó fún ní àṣẹ láti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn àjòjì ní ìmọ̀ ìṣègùn. Bí orúkọ ilé-ìwé náà kò bá sí nínú àkójọ yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́, ẹ máa wá òmíràn lọ. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba fún ìṣègùn lédè Gẹ̀ẹ́sì ṣọ̀wọ́n, nítorí náà ẹ múra láti san owó, láti nǹkan bí yuan 20,000 lọ sókè lọ́dọọdún, láìka ilé gbígbé, oúnjẹ àti adójútòfò tí í ṣe yuan 800 lọ́dún mọ́ ọn.

Ohun méjì ni kí àwọn òbí ronú lé lórí. Èkíní, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n aláìsàn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ọmọ náà bá dé ìdí ibùsùn aláìsàn ní ọdún kẹrin tàbí ìkarùn-ún, tí kò sì lè béèrè ibi tí ó ń dùn ún, yóò kàn máa dúró sẹ́yìn olùkọ́ ni, yóò máa kọ ohun tí kò yé e sílẹ̀. Mo ti rí àwọn tí wọ́n fi èsì dáradára jáde ní ọ̀hún tí wọn kò tíì fi ọwọ́ ara wọn ran ọgbẹ́ rí. Kí ó bẹ̀rẹ̀ èdè náà láti oṣù àkọ́kọ́. Èkejì, bí ó bá padà sílé, MDCN, àjọ tí ó ń fún àwọn dókítà ní ìwé àṣẹ, yóò ṣe ìdánwò fún un kí ó tó lè ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ìdánwò náà kò sì rọrùn fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn dáadáa. Mo fẹ́ràn kí ó gbìyànjú JAMB lẹ́ẹ̀kan sí i tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá kéré. Èrò tèmi nìyẹn, ẹ lè má gbà á.

Ẹ rántí náà pé ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020 ni Ṣáínà ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjòjì nítorí àrùn kòrónà, kò sì ṣí i padà fún wọn ní gbogboogbò títí di oṣù kẹjọ ọdún 2022. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí wọ́n wà nílé lákòókò náà fi fóònù kọ́ ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi ọwọ́ kọ́. Ó yẹ kí òbí tí ń náwó fún ọdún 6 mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí.

Ọmọ Kétu:

Mo kí yín láti Cotonou. Àwa tí a wá láti ìhà Benin, èdè Faransé ni a fi kàwé, nítorí náà kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì kò ṣí sílẹ̀ fún wa bí ó ti ṣí fún yín. Ilé ẹ̀kọ́ Confucius tí ó wà ní Yunifásítì Abomey-Calavi ni mo ti kọ́kọ́ kọ́ èdè Ṣáínà, mo sì tún lo ọdún kan ní Tianjin fún èdè nìkan kí n tó wọ inú ẹ̀kọ́ gan-an. Ẹ̀yin ará Èkó ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní UNILAG, Lomé náà sì ní tirẹ̀.

Ìdánwò tí wọ́n fi ń díwọ̀n èdè náà ni HSK. Ìpele kẹrin, tí ó dá lórí nǹkan bí ọ̀rọ̀ 1,200, ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ máa ń béèrè fún ẹ̀kọ́ tí a fi èdè Ṣáínà ṣe. 300 ni gbogbo máàkì rẹ̀, 180 ni ti ẹni tí ó yege, ọdún 2 ni èsì rẹ̀ sì fi ń wúlò fún ìgbaniwọlé. Ní ti ohùn, etí ọmọ Yorùbá ti mọ̀ pé ohùn lè yí ìtumọ̀ padà, nítorí náà a kì í ṣe wàhálà tó àwọn ará Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ohùn tiwọn ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín sílébù kan, ẹni tí ó bá fi òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tiwa sọ ọ́, wọn á máa wò ó lẹ́nu. Ìwé kíkọ ni ó le jù, kò sì sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀ ju kí ènìyàn máa kọ ọ́ lójoojúmọ́.

Àǹtí Harbin:

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ dẹ́rù ba ọmọ náà. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ṣe másítà mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èdè Ṣáínà tí mo mọ̀ nígbà tí mo dé kò ju «ẹ ǹlẹ́» àti «ẹ ṣeun» lọ. Bí ẹni tí ó ní ọdún 2 péré láti gboyè bá lo ọdún kan fún èdè, ó ti pọ̀ jù lójú tèmi. Kí ó gba kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì kọ́ ti ọjà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Wuhan:

Àǹtí, ẹ lè gboyè bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ inú iyàrá ìwádìí tiwa, èdè Ṣáínà ni ọ̀jọ̀gbọ́n fi ń ṣe ìpàdé ọ̀sẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń kọ ìkéde sínú ẹgbẹ́ lórí WeChat, tí ó dà bí WhatsApp tiwọn: ọjọ́ tí wọn yóò ti ilé ìdánwò nǹkan pa, fọ́ọ̀mù tí ó gbọdọ̀ dé ọ́fíìsì kí ó tó di aago márùn-ún, ẹni tí ó kàn láti lo ẹ̀rọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ ìtumọ̀ máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí ó ti bọ́. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ni ó sì ń béèrè ìpele HSK kan lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́ náà kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n gboyè. Kí àbúrò gba kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, a gbà, ṣùgbọ́n kí ó ti parí ìpele kejì ní Èkó kí ó tó wọ ọkọ̀.

Ohun kan tún kù: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ CSC kì í ṣe ohun tí a gbà lẹ́ẹ̀kan tí ó di tiwa. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò, wọ́n máa ń wo èsì ìdánwò, wíwá sí kíláàsì àti ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá sọ nípa akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì lè dá owó náà dúró fún ẹni tí kò bá yege. Fún ẹni tí ó fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé, kí ó béèrè kí ó tó wá iye iṣẹ́ ìwádìí tí ẹ̀ka náà ń fẹ́ kí ó tẹ̀ jáde kí ó tó gbèjà ìwé rẹ̀, nítorí ẹ̀ka sí ẹ̀ka ni ó yàtọ̀, ibẹ̀ ni ọdún 4 ti ń di 6.

Oníṣòwò Guangzhou:

Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi kò kàwé níbí, òwò ni mo ń ṣe, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bọ́ sínú wàhálà máa ń wá sọ́dọ̀ wa ní àdúgbò Sanyuanli àti Xiaobei, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ju mẹ́ta lọ: ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ìwé àṣẹ ìgbé, àti iṣẹ́.

Ẹni tí kò bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24 tí ó bá dé. Bí o bá wà ní ilé gbígbé yunifásítì, wọ́n lè bá ọ ṣe é, ṣùgbọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn, kí o sì gba ẹ̀dà ìwé náà. Bí o bá lọ sùn sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ní ìlú mìíràn nígbà ìsinmi, òfin yẹn ṣì bá ọ lọ. Físà X1 náà kì í ṣe ìwé ìgbé: láàárín ọjọ́ 30 tí o bá wọlé ni kí o lọ sí ọ́fíìsì ìwọlé àti ìjáde ti àwọn ọlọ́pàá láti gba ìwé àṣẹ ìgbé. Wọn yóò gba pásípọ́ọ̀tù rẹ sílẹ̀, wọn yóò fún ọ ní rìsíìtì, ó sì lè tó ọjọ́ iṣẹ́ 15 kí ó tó jáde, nítorí náà má ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn àjò sí àárín àkókò yẹn. Yuan 400 ni owó èyí tí kò tó ọdún kan, 800 ni ti ọdún 1 sí 3. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ kọjá, yuan 500 ni owó ìtanràn lójúmọ́, ó sì lè tó 10,000.

Nípa iṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọgbà láìjẹ́ pé yunifásítì fọwọ́ sí i, tí ọlọ́pàá sì kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ ìgbé rẹ̀. Iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń mú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tí ó fún wọn ní iṣẹ́ náà yóò ní kò séwu, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n máa mú. Láti yuan 5,000 sí 20,000 ni owó ìtanràn rẹ̀, bí ó bá sì le, àtìmọ́lé ọjọ́ 5 sí 15 wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí àwọn onígbàgbọ́ àti àwọn mùsùlùmí mọ̀ pé ẹ lè lọ jọ́sìn níbi tí ìjọba fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n àjòjì kò gbọdọ̀ máa wàásù láti yí ọmọ Ṣáínà lọ́kàn padà.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ ṣeun, sà. Kí ni kí n gbé dání? Ìyá mi ti ń gbẹ ẹran sílẹ̀ báyìí.

Àǹtí Harbin:

Ẹ bẹ Màmá kí wọ́n má gbẹ ẹ́ mọ́ o, wọn yóò gbà á ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹran, ẹyin, wàrà, èso tútù àti hóró tí a lè gbìn kò gbọdọ̀ wọlé. Gàárì, èlùbọ́ àti ata lílọ̀ gbígbẹ ni kí ẹ gbé. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ pọ̀ lọ́jà wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilá wà, kókò náà wà. Wọ́n ní iṣu tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, ó dára nínú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe fi odó ṣe é. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ni ó ní ilé oúnjẹ halal, oúnjẹ ibẹ̀ sì bá ẹnu wa mu ju ti àwọn yòókù lọ, kódà èmi tí mo jẹ́ onígbàgbọ́, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹ.

Nípa òtútù, Harbin le gan-an, ó ń lọ sísàlẹ̀ ju ìdíwọ̀n −20 lọ nínú oṣù kìíní, ṣùgbọ́n páìpù omi gbígbóná wà nínú gbogbo ilé, ẹ̀wù pẹ́ńpẹ́ ni a máa ń wọ̀ nínú iyàrá. Àwọn tí ó wà ní gúúsù odò Huai, bíi Wuhan àti Nanjing, ni mo káàánú: òtútù tiwọn kò tó tiwa, ṣùgbọ́n ilé wọn kò ní páìpù yẹn, òtútù náà á sì tẹ̀ lé wọn wọ inú ibùsùn. Ẹ ra ẹ̀wù òtútù ní ọ̀hún, ó dára, kò sì wọ́n. Bàtà ni kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tóbi gbé láti ilé. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ kọ́ bí a ṣe ń di irun fúnra yín, nítorí ìlú Xuchang ni púpọ̀ nínú irun tí a ń rà ní ọjà Balógun ti ń wá, síbẹ̀ ẹni tí yóò bá yín ṣe é lórí kò wọ́pọ̀ níbí.

Ẹ̀gbọ́n Wuhan:

Kí n fi ti íntánẹ́ẹ̀tì àti owó kún un. Google, WhatsApp, Facebook àti YouTube kì í ṣí níbí, nítorí náà Gmail tí o fi forúkọ sílẹ̀ lè di títì mọ́ ọ lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí o bá nílò rẹ̀ jù. Ṣí ímeèlì ti ilé-iṣẹ́ mìíràn kí o tó kúrò nílé, kí o sì fi WeChat sórí fóònù àwọn òbí rẹ. Ìgbà tí o bá ti fi pásípọ́ọ̀tù forúkọ káàdì fóònù sílẹ̀, tí o sì ti ṣí àkáǹtì báńkì, WeChat àti Alipay ni o máa fi ra ohun gbogbo, títí dé ewébẹ̀ lọ́jà. Kí orúkọ rẹ rí bákan náà ní báńkì, lórí fóònù àti ní yunifásítì, nítorí orúkọ wa gùn, ẹ̀rọ wọn sì máa ń gé e ní oríṣiríṣi. Gbé owó tí yóò tó ọ fún oṣù méjì àkọ́kọ́ dání, nítorí owó oṣooṣù kì í tètè bẹ̀rẹ̀.

Dókítà Abẹ́òkúta:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìparí kún un. Ìwé ẹ̀rí méjì ni yunifásítì Ṣáínà ń fún ni: ọ̀kan jẹ́ ti pé ẹni parí ẹ̀kọ́, èkejì jẹ́ ti oyè fúnra rẹ̀. Àwọn kan ti mú ọ̀kan ṣoṣo wálé. Ẹ gba méjèèjì, ẹ gba transcript tí ó ní òǹtẹ̀ ní ẹ̀dà púpọ̀, ní èdè Ṣáínà àti Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì gbé wọn lọ fún ìfọwọ́sí ní ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Beijing tàbí ní Shanghai àti Guangzhou nígbà tí ẹ ṣì wà ní ọ̀hún. Àbúrò yín tí yóò gboyè àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ tọ́jú gbogbo pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, títí kan èyí tí ó bá ti kú, nítorí NYSC máa ń wo òǹtẹ̀ ìwọlé àti ìjáde nínú rẹ̀. Ìwé àṣẹ ìgbé kì í pẹ́ tán lẹ́yìn ìgboyè, nítorí náà gbogbo èyí gbọ́dọ̀ ti parí kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.